Lórísun Odò Oníkókò

Ọjọ́ Ajé, 9 Jánúárì 1956

Oníkókò ti fà. Mo mọ bó ṣe máa ń fà lẹ́ẹ̀rùn, díẹ̀díẹ̀ ni. Tọdún yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó gba ìsinmi Kérésì, omi ṣì ń kan orúnkún. A wọlé lónìí, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa odò. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó: orísun, ìṣàn, ibi tí odò ti ń wọnú odò. A dé ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, kò sí ìṣàn tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Kòtò omi, yanrìn, kòtò omi mìíràn. Akàn ń rìn kiri ní ọ̀sán gangan bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Àrọ̀ wẹẹrẹ ń jà raburabu nínú ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ rí ẹja, wọ́n bẹ́ sí i, wọ́n ń fi fìlà kó o. Ẹ̀kọ́ parí síbẹ̀.

Odò kékeré ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn lè fò ó láwọn ibì kan. Apá Ìfọ́n ló ti ń bọ̀, ó gba ẹ̀yìn wa níbí ní Ìlobùú, ó lọ já sínú odò Ẹ̀rìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo àdúgbò yìí ń mu.

Ọjọ́rú, 11 Jánúárì

Rhoda ìyàwó mi lọ pọn omi ní Ẹ̀rìnlẹ̀. Pẹ̀lú oyún oṣù keje. Mo ní kó má lọ mọ́. Ó ní, ta ni yóò wá lọ?

Mo so garawa mọ́ ẹ̀yìn báísíkù. Ìdajì rẹ̀ dà sí mi lẹ́yìn kí n tó délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Jánúárì

Jàlálù yà wá lẹ́yìn Jímọ̀. Ògiri ilé wa lẹ̀ mọ́ra, a jọ dàgbà ni, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ní àwọn ará Ìfọ́n ló dí odò. Mo ní ta ló rí wọn? Ó ní ṣé ó dìgbà téèyàn bá rí i. Bí ọ̀rọ̀ ìlú méjèèjì yìí ṣe ń rí nìyẹn — ìjà lórí ààlà ilẹ̀ ti wọ̀ wọ́n lára débi pé ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí nǹkan mọ́.

Ó gbàgbé pé ọmọ Ìfọ́n ni Rhoda. Tàbí kò gbàgbé. Rhoda ń lọ ata nítòsí wa, kò gbójú sókè. Ọlọ ń dún gìrìgìrì ju bó ṣe yẹ lọ.

Jàlálù ní àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń sọ pé àwọn á lọ tú ohun tí wọ́n fi dí i. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, èmi fúnra mi á kọ́kọ́ tọ odò náà lọ sókè, kí n rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Lọ wò ó, Tísà. A ń dúró dè ọ́.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Jánúárì

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, inú á bí mi kọjá ohun tí mo lè kọ.

Inú odò gan-an ni mo gbà lọ, ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, yanrìn funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, àpáta pẹrẹsẹ tí àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí. Lẹ́yìn àpáta, ọparun, àwọn gbòǹgbò wọn rọ̀ dirodiro létí bèbè níbi tí omi ti máa ń fọ ilẹ̀ lọ lójò. Ẹyẹ aláwọ̀ aró kékeré tó máa ń pa ẹja jókòó sórí ẹ̀ka kan. Kò rí nǹkan kan pa. Nígbà tí mo padà dé, orí ẹ̀ka yẹn náà ló ṣì wà.

Mo ń lọ, mo ń retí ibi tí wọ́n gbé dí i. Òkúta, igi, àpò iyẹ̀pẹ̀, ohun kan tí èèyàn lè nawọ́ sí. Kò sí. Mo wá dé àkùrọ̀, níbi tí odò ti ń yọ jáde látinú ilẹ̀.

Nígbà tí mo ń wá fẹ́ Rhoda, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ la máa ń gbà. Ọ̀sán gangan á dà bí ìrọ̀lẹ́. Àwọn igi àbùrà dúró nínú omi, ògùrọ̀ fẹ̀ sábẹ́ wọn, ewé eéran bo ilẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbi tí èèyàn kò rí. Ilẹ̀ á rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bí tìmùtìmù. Lónìí mo dé ibẹ̀, oòrùn pa mí lójú. Kùkùté ni. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀, wọ́n ti sun ún. Wọ́n la kòtò tóóró sáàárín rẹ̀, gbọọrọ gbọọrọ, gbogbo ojú ìsun ni wọ́n darí sínú kòtò yìí, kòtò sì ń gbé omi lọ bomi rin àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbàdo náà tutù, ó dára, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni omi Oníkókò ń parí sí. Èyí tí àgbàdo kò mu, oòrùn ń mu ún.

Mo dúró, mo ń bú ẹni tó ṣe é nínú ọkàn mi. Ohùn kan ní, “Ta nìyẹn?” Mo yíjú padà. Àgbà ni.

Àgbà — Bàbá Adégbénró, bàbá ìyàwó mi. Orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn, mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò mi funfun. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó bi mí léèrè oyún, ó bi mí léèrè bàbá mi àgbà, ó mú mi lọ sí abà rẹ̀ lókè àkùrọ̀, ìyá Rhoda sun iṣu, wọ́n gbé epo sí i. Lẹ́yìn náà ó mú mi yí gbogbo kòtò rẹ̀ ká. Ó ní, “O rí i, Tísà? Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tí ò wúlò fún ẹnì kan láti ọjọ́ yìí.”

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.”

Gbogbo ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Mo rìn látàárọ̀ wá kí baba náà kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Jánúárì

Mo sọ fún Rhoda lẹ́yìn ìsìn. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ẹ sì jẹ iṣu?” Mo ní mo jẹ ẹ́. Ó ní, “Ẹ kò sì sọ nǹkan kan?” Mo ní kí ni kí n sọ? Kí n na ìka sí àna mi lórí ilẹ̀ rẹ̀?

Ó ní kí n má rò pé ìkà ni bàbá òun. Kòkó rẹ̀ kú tán lọ́dún méjì sẹ́yìn, igi kan kò ṣẹ́kù. Láti ìgbà náà kò rẹ́rìn-ín mọ́ títí tó fi gbin àgbàdo yìí. Mo mọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ìkà ni, ọ̀rọ̀ á rọrùn.

Jàlálù bi mí pé kí ni mo rí. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò dé orísun.

Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Jánúárì

Ọyẹ́. Ètè gbogbo ọmọ ti là. Omi kòtò ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ti ń di àwọ̀ ewé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Jánúárì

Mo ronú pé bí n kò bá lè sọ ọ́, àgbàlagbà lè bá mi sọ ọ́. Mo bẹ Bàbá Yésúfù, àbúrò bàbá mi. Mo ṣàlàyé fún wọn lójú ọ̀nà, títí a fi dé abà: ọ̀rọ̀ omi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹ má dárúkọ ilẹ̀. Wọ́n ní ṣé ọmọdé ni àwọn.

Ìkíni. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ wa. Obì. Ìtàn bí bàbá Bàbá Yésúfù àti bàbá Àgbà ṣe jọ ń re ọjà. Oòrùn yí. Mo ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn, mo ń wúkọ́. Nígbẹ̀yìn, Bàbá Yésúfù gbọnra nù, wọ́n ní, “Adégbénró, ọ̀rọ̀ kan wà. Ilẹ̀ tí ẹ fi ń gbin àgbàdo yìí, níbo gan-an ni ààlà rẹ̀ dé?”

Ojú Àgbà yí padà. Ó bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Ó wò mí. Ó ní, “Àṣé ìdí tí o fi wá wo oko mi lọ́jọ́ yẹn nìyí.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní rárá, Bàbá, odò ni, odò ló gbẹ lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń fi ọmọ fún mi, ṣé mo bèèrè omi mọ́ ọn? Ó ní inú ilẹ̀ òun ni omi ti ń jáde, òun kò dí nǹkan kan, kí n fi ibi tí òun dí i hàn òun. Kò sì sí ibi tó dí. Òótọ́ ló sọ.

Lójú ọ̀nà, Bàbá Yésúfù ní ó dára tí àwọn bá mi lọ, àwọn ti sọ ojú abẹ níkòó. Mo yára rìn ṣíwájú wọn. Ọlọ́run má bínú sí mi.

Ọjọ́bọ̀, 26 Jánúárì

Àgbà ránṣẹ́: kí Rhoda wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó di ẹrù. Mo ní ṣé wọ́n ń gbà ọ́ lọ́wọ́ mi ni? Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n lọ. Omi wà níbẹ̀, kò sí níbí. Nítorí omi ni mo ṣe ń lọ, kì í ṣe nítorí ìjà.”

Mo gbé ẹrù rẹ̀ lé báísíkù, mo sìn ín dé ibi tí ọ̀nà abà ti yà. Kò jẹ́ kí n wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì

Ilé dákẹ́. Ẹ̀bà ni mo ń tẹ̀ jẹ, láàárọ̀, lálẹ́. Ó ń le bí òkúta.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Fẹ́búárì

Ọmọbìnrin Jàlálù ń ṣu, ó ń bì. Ọmọ ọwọ́ ni. Rísíkátù ìyá rẹ̀ ní kòtò ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ ni òun ti bu omi tí wọ́n fi ro ògì, kò ráyè dé Ẹ̀rìnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo lọ wo kòtò náà. Èérí aláwọ̀ ewé bò ó, àwọn àkèré kú sétí rẹ̀, ipa ẹsẹ̀ màlúù wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igbá. Mo ní kí wọ́n má bu ú. Ọ̀kan ní, “Tísà, ẹ wá fún wa ní òmíràn.”

Mo gbé ọmọ náà àti Rísíkátù lọ sílé ìwòsàn ní Òṣogbo pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀sán. Wọ́n ní a kò pẹ́ jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Fẹ́búárì

Ọmọ náà mu omi iyọ̀, kò bì í. Jàlálù jókòó síta ilé ìwòsàn, ó ń pọ́n àdá. Níbi ilé ìwòsàn. Ó ní bí àwọn bá ti padà délé, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sókè, kò sí ẹni tó máa dá òun dúró.

Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Pé mo dé orísun lóṣù tó kọjá. Pé Bàbá Adégbénró ni. Pé Rhoda wà nínú abà náà pẹ̀lú oyún.

Ó gbé àdá sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lù mí. Ì bá sàn kó lù mí. Ó ní, “Láti oṣù tó kọjá. Ọmọ mi ń mu omi yẹn, ìwọ mọ̀.” Ó wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 Fẹ́búárì

Wọ́n ti padà dé, ara ọmọ ti yá. Àwọn ọ̀dọ́ kò lọ. Mo gbọ́ lẹ́nu Rísíkátù pé Jàlálù ló dá wọn dúró, kò sọ ìdí fún wọn. Kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Kì í wọlé mi mọ́, kì í tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó ń gba iwájú ilé mi lọ bí ẹni tó ń gba iwájú ilé àlejò.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Máàṣì

Mo lọ sí abà, mi ò bèèrè àyè. Rhoda jáde wá bá mi lábẹ́ igi iṣin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní àgbàdo bàbá òun ti ń pupa. Ojú ìsun ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òjìji wà lórí ilẹ̀ yẹn, ó ń di omi mú. Ní báyìí kòtò ń fa á tán, oòrùn ń gbẹ ìyókù. Bí ìsun kan bá gbẹ, Àgbà á tún gbẹ́ kòtò rẹ̀ jìn sí i. Mo ń wò ó láti òkèèrè. Ó wà nínú ihò dé èjìká, ó ń da ẹrẹ̀ síta. Mo fẹ́ pariwo pé, Bàbá, jíjìn tí kòtò ń jìn sí i ló ń pa ìsun. Rhoda di apá mi mú. Ó ní òun ti sọ ọ́, ó ní bàbá òun bi òun pé ṣé ilé ọkọ ti sọ òun di tísà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Máàṣì

Rhoda ti bí. Obìnrin. Ara ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàyè, àwọn méjèèjì.

Ìyá Rhoda fúnra rẹ̀ ló wá fẹsẹ̀ rìn wá sọ fún mi, ó wá pẹ̀lú garawa lórí. Ó kọ́kọ́ yà pọn omi ní Ẹ̀rìnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, ọkọ ọmọ mi, a kò rí omi wẹ ọmọ.”

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Máàṣì

Àgbà ní lọ́dọ̀ òun ni ìsọmọlórúkọ yóò wáyé, nítorí ara Rhoda. Bàbá Yésúfù ní a kì í sọ ọmọ wa lórúkọ níta. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ jókòó sílé, kí wọ́n jókòó. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ya gbogbo wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Máàṣì

Bàbá Yésúfù wá. Wọ́n wọ agbádá tó dára jù.

Kí a tó gbéra, mo jáde, mo bá Jàlálù níwájú ilé mi, ó dúró ti báísíkù rẹ̀. Ó so kẹ́ẹ̀gì omi méjì mọ́ ẹ̀yìn. Kò kí mi. Ó ní, “Wọ́n máa fi omi kan ọmọ lẹ́nu. Omi wo ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀?” A jọ ti báísíkù dé Ìfọ́n.

Oyin, iyọ̀, ataare. Ó kan omi. Àgbà ti ìka bọ igbá, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Ó ní, “Omi ibo nìyí?” Ìyá Rhoda ń wo ilẹ̀. Jàlálù dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ̀rìnlẹ̀ ni, Bàbá. Láti Ìlobùú ni mo ti gbé e wá.” Ó yẹ kí ó fi kún un. Mo ń retí pé yóò fi ọ̀rọ̀ Oníkókò kún un. Ó ní ìdí tó pọ̀. Kò fi nǹkan kan kún un.

Àgbà fi omi kan ọmọ lẹ́nu. Ó wá yíjú sí Jàlálù, ó ní, “Ẹ ṣé.” Ọmọ tó lè bí, ó pè é ní ẹ. Mi ò tíì gbọ́ kí Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí.

Ìbídùn lorúkọ tí mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Máàṣì

Mo sùn sí abà mọ́jú. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Àgbà na ṣọ́bìrì sí mi. Ó ní, “Wá.” Mo rò pé kòtò mìíràn la fẹ́ gbẹ́.

A dé àkùrọ̀. Ó wọnú kòtò tó jìn jù, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó gùn jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da iyẹ̀pẹ̀ padà sínú rẹ̀. Mo dúró. Ó ní, “O fẹ́ máa wò mí ni?”

A dí i. A dí èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ń mí gúlegúle, mo ní kí ó jókòó, ó ní kí n máa da ilẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Èmi náà kò dúpẹ́. Ó kàn sọ lẹ́ẹ̀kan, kò wojú mi, ó ní òun rí ìyàwó òun tó gbé garawa gun òkè yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà ti di àgbàlagbà.

Ọwọ́ mi ti bó. Omi kò yọ.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Máàṣì

Mo tún lọ. Gbogbo kòtò ti dí. Omi kò yọ. Ilẹ̀ ti gbẹ, ó là káàkiri. A lè dí kòtò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbé àbùrà dìde.

Ọjọ́rú, 28 Máàṣì

Òjò. Òjò ńlá, pẹ̀lú ìjì. Oníkókò kún dé bèbè kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo àdúgbò bọ́ síta, àwọn ọmọ ń wẹ̀, wọ́n ń kọrin. Jàlálù dúró ti mi létí odò. Ó ní, “Ó parí nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Omi náà pupa. Ilẹ̀ àkùrọ̀ ló ń gbé lọ, níwọ̀n bí kò ti sí gbòǹgbò tó máa dì í mú. Mo ń wo ilẹ̀ Àgbà bó ṣe ń ṣàn kọjá ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ mi lọ sínú Ẹ̀rìnlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Máàṣì

Mo lọ mú Rhoda àti ọmọ wálé. Omi ti fà padà, ó ti ń mọ́. Níbi ìsun kan ṣoṣo lábẹ́ ògùrọ̀ tó ṣẹ́kù, mo rí i tó ń yọ — fíntín, bí omi ojú.

Àgbà sìn wá dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Ó gbé ọmọ fún Rhoda. Ó ní òun kò ní gbin nǹkan kan sínú àkùrọ̀ lọ́dún yìí. Ó ní kí koríko kọ́kọ́ hù.

Lọ́dún yìí, ló wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Rhoda náà gbọ́ ọ, ó wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò bèèrè ọdún tó ń bọ̀.